Ọ̀nà Etí Odò

Nínú gbogbo ohun tí ilé-ìwé wa fún wa, èyí tí a kì í sábà kà mọ́ ẹ̀bùn ni ọ̀nà tóóró tí ó gba ẹ̀yìn ọgbà ilé-ìwé lọ sí etí odò Erinlẹ̀. A máa ń dárúkọ àwọn olùkọ́ wa pẹ̀lú ọ̀wọ̀, a máa ń rántí ìsìn òwúrọ̀ àti agogo oúnjẹ, a sì máa ń dúpẹ́ fún ìwé tí a kà tí ó sọ wá di ènìyàn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà náà kò ní orúkọ lára pátákó kankan. Síbẹ̀, òun ni ó kọ́ wa ní eré sísá, òun ni ó sì kọ́ wa ní ohun púpọ̀ tí kò sí nínú ìwé. Nígbà tí àwọn olóòtú ìwé àjọ̀dún yìí ní kí àwa tí a jọ jáde kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sílẹ̀, a fi ẹnu kò pé ọ̀nà ni a ó kọ nípa rẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé ó kù díẹ̀ kí ó parẹ́, ohun tí ó bá sì parẹ́ lójú àwọn tí ó mọ̀ ọ́n, àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn kò ní mọ̀ pé ó wà rí.

Ẹni tí kò bá mọ agbègbè wa ní láti kọ́kọ́ mọ bí omi rẹ̀ ṣe ń lọ. Odò Erinlẹ̀ ti ìhà àríwá wá, ó gba ilẹ̀ Ìlobùú kọjá, ó sì lọ dà sínú Ọ̀ṣun ní agbègbè Ẹdẹ. Ọ̀ṣun ní tirẹ̀ jáde láti Ìgèdè-Èkìtì, ó gba Òṣogbo, ó gba Ẹdẹ, a sé e ní Aṣẹ́jirẹ́ kí àwọn ará Ìbàdàn lè rí omi mu, kí ó tó wá lọ wọ inú ọ̀sà ní ìhà Ẹ̀pẹ́. Ọmọ Awo tí ó bá ń lọ sí Ẹdẹ, Erinlẹ̀ ni yóò kọjá. A ti sé odò yìí náà nítorí omi ẹ̀rọ, omi rẹ̀ sì ti fẹ̀ di adágún ńlá tí àwọn apẹja ń fi ọkọ̀ kékeré tukọ̀ lórí rẹ̀ ní ìdájí. Bí oòrùn bá ń yọ lórí omi yẹn, tí ìkùukùu funfun ṣì wà lórí rẹ̀ bí aṣọ tí a sá, tí àwọn lékeléke sì ń gbéra lọ́kọ̀ọ̀kan láti inú koríko, kò sí ẹni tí yóò rí i tí kò ní yin Ẹlẹ́dàá.

Kò sí ẹnikẹ́ni tí ó la àwọn ọ̀nà etí odò wọ̀nyí fún eré. Iṣẹ́ ni ó là wọ́n. Àwọn ìyá wa àgbà ni ó kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ wọ́n, pẹ̀lú ìkòkò omi lórí. Àwọn àgbẹ̀ fi iṣu àti ẹ̀gẹ́ tẹ̀ wọ́n. Àwọn ọdẹ àti apẹja tẹ̀ wọ́n ní òru. Nígbà tí ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin tí ó ti dé Ìbàdàn ní ọdún 1901 gùn síwájú títí ó fi dé Òṣogbo ní ọdún 1907, tí ọkọ̀ náà sì ń dúró ní Ẹdẹ, àwọn ọ̀nà ẹsẹ̀ àyíká gba iṣẹ́ tuntun: èkùrọ́, epo àti kòkó ni a ń fi orí rù gba ojú wọn lọ pàdé ọkọ̀. Àwọn àgbà tí a bá láyé sọ fún wa pé alárù kì í rìn gẹ̀ẹ́rẹ́gẹ̀. Wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ni ó ń sáré, nítorí ẹrù tí a bá fà sẹ́yìn a máa wúwo sí i. Nítorí náà, àwọn alárù wọ̀nyẹn ni asáré àkọ́kọ́ ní ọ̀nà náà. Àwa kàn tẹ̀lé ipa ẹsẹ̀ wọn ni, láìru nǹkan kan.

Àwa wọ ilé-ìwé ní àwọn ọdún tí ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Olóyè Bọ́lá Ìgè bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1979, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́, ti mú kí kíláàsì kún àkúnwọ́sílẹ̀. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kò tíì sí nígbà náà. Ọdún 1991 ni a dá a sílẹ̀. Àga kò tó, ìwé kò tó, bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ni gbogbo ilé-ìwé sì ń gbá. Olùkọ́ eré ìdárayá wa, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí fèrè kì í kúrò ní ọrùn rẹ̀, wò ó pé ohun kan ṣoṣo ni ó wà tí kò ní tán bí ó ti wù kí ọmọ pọ̀ tó, èyí ni ọ̀nà. Ó pín in sí mẹ́ta, àwa akẹ́kọ̀ọ́ sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orúkọ ìnagijẹ.

Èkínní ni Ọ̀nà Ẹ̀gẹ́. Ẹ̀yìn ilé ìdáná ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ó gba àárín oko ẹ̀gẹ́ yí po, ó sì tún padà sí pápá. Àwọn ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní àti èkejì ni ó ni ín. Ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú, kò ní òkúta púpọ̀, olùkọ́ sì lè dúró sí ojú kan kí ó rí orí gbogbo ènìyàn lókè ewé. Èkejì ni Ọ̀nà Ọ̀pẹ. Èyí gùn jù ú lọ, abẹ́ igi ọ̀pẹ ni ó sì gbà títí ó fi dé orí ilẹ̀ gíga kan tí a ti ń rí omi ní ọ̀kánkán. Ibẹ̀ ni a ti ń yí padà. Òórùn ilẹ̀ tútù àti ti epo tí àwọn obìnrin ń fọ̀ ní ẹ̀bá odò ni ó máa ń pàdé wa lọ́nà, ariwo àwọn ẹyẹ ẹ̀gà lórí ọ̀pẹ a sì borí ìmí wa. Ẹ̀kẹta ni Ọ̀nà Afárá, ẹ̀ẹ̀kan péré ni a ń sá a ní sáà kan. Ó gba orí afárá Erinlẹ̀ kọjá, ó wọ Ẹdẹ, ó sì parí sí ìtòsí ibùdókọ̀ ojú irin. Bí a bá débẹ̀, a ó jókòó sí abẹ́ igi, a ó mu ògì tútù, a ó sì máa retí bóyá ọkọ̀ yóò kọjá. Nígbà mìíràn ó máa ń kọjá, nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, kò ní kọjá.

Olùkọ́ wa kò jẹ́ kí a sá eré àsápajúdé. Òwe tí ó fi kọ́ wa ni pé asúrétete kò ní kọjá ilé, arìngbẹ̀rẹ̀ kò ní sùn sí ọ̀nà. Ó ní ẹni tí kò bá lè bá ẹni tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ó ti ń sáré, eré rẹ̀ ti yá jù. Ó ní kí a máa gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ara wa bí ẹni ń gbọ́ ìlù. Bí ìlù bá dàrú, agbára ti ń tán nìyẹn. Ní Ẹdẹ tí Tìmì Adétòyèsè Láoyè, ọba tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ lu dùndún, ti jọba láti ọdún 1946 sí 1975, kò sí ọmọ tí ọ̀rọ̀ ìlù lè ṣòro fún láti yé. Ní ìgbà ọyẹ́, ó ní kí a fi imú mí, kí eruku má baà gbẹ wá ní ọ̀fun. Ní ìgbà òjò, nígbà tí ilẹ̀ pupa bá ń yọ̀ bí ilá, ó ní kí a gé ìṣísẹ̀ kúrú. Àwọn tí wọ́n ní kánfáàsì wọ̀ ọ́, àwọn tí kò ní fi ẹsẹ̀ lásán sá a. A kò rántí pé bàtà fún ẹnikẹ́ni ní ipò kìn-ín-ní.

Nítorí pé ilé-ìwé Onígbàgbọ́ ni tiwa, eré náà kò jìnnà sí ìsìn. A mọ ìtàn Èlíjà tí ó di àmùrè, tí ó sì sáré ṣíwájú kẹ̀kẹ́ Áhábù dé Jésírẹ́lì nínú òjò. A mọ̀ pé Pọ́ọ̀lù Àpọ́sítélì fi ìgbésí ayé onígbàgbọ́ wé eré ìje. Ṣùgbọ́n ìtàn tí olùkọ́ wa fẹ́ràn jù ni ti Eric Liddell, ọmọ ilẹ̀ Scotland tí a bí ní Ṣáínà. Ní ìdíje Òlíńpíìkì ti Paris ní ọdún 1924, ó kọ̀ láti sá eré 100 mítà nítorí pé ọjọ́ Ìsinmi ni ìpele àkọ́kọ́ rẹ̀ bọ́ sí. Ó wá sá 400 mítà ní ọjọ́ mìíràn, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ wúrà. Lẹ́yìn náà, ó padà sí Ṣáínà láti ṣe iṣẹ́ ìránṣẹ́ Ọlọ́run, ibẹ̀ ni ó sì kú sí ní àgọ́ àhámọ́ ní ọdún 1945. Olùkọ́ wa kì í sọ ìtàn yìí kí a lè máa wá wúrà. Ó ń sọ ọ́ kí a lè mọ̀ pé ẹni tí ó mọ ibi tí ó yẹ kí òun dúró ni ó mọ ibi tí ó yẹ kí òun sáré dé.

Ọdún gorí ọdún, àwa náà tú ká. Àwọn kan wà nínú wa tí wọ́n ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù báyìí, wọ́n sì sọ fún wa pé ẹ̀bá omi ni àwọn ti ń sáré níbẹ̀ pẹ̀lú. Odò tí ènìyàn fi ọwọ́ gbẹ́ ni Regent's Canal. Ọdún 1820 ni a ṣí i tán fún ọkọ̀ ojú omi. Ẹṣin ni ó ń fi okùn fa ọkọ̀, nítorí náà ni a ṣe la ọ̀nà sí etí omi náà kí ẹṣin lè rí ibi rìn. Okùn náà ha irin abẹ́ àwọn afárá tó bẹ́ẹ̀ tí ojú ibi tí ó ha ṣì hàn títí di òní. Ẹṣin ti lọ, ọ̀nà kù, ẹsẹ̀ àwọn tí ń sáré sì ni ó ń gbà á ní òwúrọ̀. Èyí tí ó tún yà wá lẹ́nu ni ti Peckham, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí. Odò gbígbẹ́ kan wọ ibẹ̀ ní ọdún 1826. Ní àwọn ọdún 1970 a kó ilẹ̀ dí i pátápátá, nítorí pé kò wúlò fún òwò mọ́. Ṣùgbọ́n wọn kò kọ́ ilé dí ojú rẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ di ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ láti Burgess Park dé ilé ìkàwé Peckham, afárá àtijọ́ kan sì wà nínú ọgbà náà tí kò sí omi kankan lábẹ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí mú wa ronú jinlẹ̀. Níbẹ̀, omi ti kú, wọ́n pa ọ̀nà mọ́. Lọ́dọ̀ tiwa, omi wà láàyè, ọ̀nà ni ó ń kú.

Ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, àwa mẹ́sàn-án pàdé ní Awo láti rin ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí a lè mọ ohun tí ó kù. Ọ̀nà Ẹ̀gẹ́ ti di ilé àti ṣọ́ọ̀bù, a kò sì lè bínú sí ìyẹn, nítorí ìlú kò lè má dàgbà. Ọ̀nà Afárá ṣì wà, ṣùgbọ́n orí títì ọlọ́dà ni púpọ̀ nínú rẹ̀, ọkọ̀ àti ọ̀kadà kì í sì í ro ti ẹlẹ́sẹ̀ mọ́ tiwọn. Ọ̀nà Ọ̀pẹ ni ó dùn wá jù. Ẹnì kan ra ilẹ̀ sí àárín rẹ̀, ó sì mọ ògiri gba ojú ọ̀nà kọjá. Ní ibòmíràn, ìdọ̀tí àti ọ̀rá omi mímu ti di òkìtì. Ní apá ibi tí ó rọra ń sọ̀kalẹ̀, igbó ti bò ó. Àwọn ọmọ tí a bá nítòsí ibẹ̀ kò mọ̀ pé ọ̀nà kan wà níbẹ̀ tí ó lọ sí ibi tí a ti ń wo omi.

Omi náà sì ní àrùn tirẹ̀. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, gbogbo ènìyàn rí i bí àwọ̀ Ọ̀ṣun ṣe yí padà di pupa bí omi amọ̀. Àwọn tí ń wa wúrà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ní òkè odò ni ọ̀pọ̀ ka ìdí rẹ̀ sí, ìjọba pàápàá sì kìlọ̀ fún àwọn tí ń lọ sí ọdún Ọ̀ṣun ní Òṣogbo kí wọ́n má ṣe mu omi náà. Igbó etí odò yẹn, tí àjọ UNESCO kọ sínú ìwé ogún àgbáyé ní ọdún 2005, fi hàn wá pé igi etí omi lè dúró títí bí a bá dáàbò bò ó. Ṣùgbọ́n igi nìkan kò lè dá ẹrẹ̀ tí ó ti òkè wá dúró. Àwa kì í bọ odò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbà gbọ́ pé Ọlọ́run fi ènìyàn ìṣáájú sí inú ọgbà kí ó lè ṣe ìtọ́jú rẹ̀, kò ní sọ pé ọ̀rọ̀ odò kò kan òun nítorí pé àwọn mìíràn ń bọ ọ́.

A ní láti sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi jẹ wá lógún tó bẹ́ẹ̀. Nínú àwa tí a jọ wọ kíláàsì kìn-ín-ní, àwọn tí a ti sin kì í ṣe díẹ̀ mọ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru mú méjì nínú wọn lọ kí wọ́n tó pé 60 ọdún; ọ̀kan ṣubú ní ibi iṣẹ́, èkejì sùn kò jí. Ẹni tí ó ṣubú yìí ni ó máa ń ṣe ipò kìn-ín-ní ní Ọ̀nà Afárá nígbà gbogbo. Láti ọjọ́ tí a ti jáde ilé-ìwé, kò sáré mọ́ àfi bí ó bá ń lé ọkọ̀. Dókítà kan wà láàrin wa, ó sì ṣàlàyé fún wa pé ẹ̀jẹ̀ ríru kì í kan ilẹ̀kùn kí ó tó wọlé, àti pé Àjọ Ìlera Àgbáyé gba àgbàlagbà nímọ̀ràn kí ó máa rìn kíákíá tàbí kí ó máa ṣe irú eré bẹ́ẹ̀ fún ó kéré tán 150 ìṣẹ́jú ní ọ̀sẹ̀ kan, kí ọmọdé sì máa ṣe tirẹ̀ fún 60 ìṣẹ́jú lójúmọ́. A kò sọ pé eré nìkan ni ìbá gba àwọn ọ̀rẹ́ wa là. Ẹ̀mí wà lọ́wọ́ Ọlọ́run, oògùn sì ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ohun tí a mọ̀ ni pé ilé-ìwé fún wa ní ohun rere kan, a sì fi í sílẹ̀ ní ẹnu géètì ní ọjọ́ tí a jáde.

Nígbà tí a dábàá pé kí eré etí odò padà wá ní àjọ̀dún yìí, àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ láàrin wa. Àwọn kan ní kí a sá a lórí títì. Wọ́n ní ayé ti yí padà, òbí wo ni yóò jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ wọ inú igbó ní ìdájí ní àkókò tí àwọn ajínigbé ń da ọ̀nà láàmú? Wọ́n ní ejò wà níbẹ̀, wọ́n ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ńkọ́? Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ojo. Àwọn yòókù dáhùn pé títì ti pa ènìyàn ju igbó lọ, àti pé igbó tí ẹnikẹ́ni kò gbà mọ́ ni ẹni ibi máa ń fi ṣe ilé. Ọ̀nà tí ọgọ́rùn-ún ẹsẹ̀ ń gbà ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan kò ní di ibùba. Arábìnrin kan láàrin wa ni ó parí ọ̀rọ̀ náà. Ó ní, “A kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán, bí a kò bá lé nǹkan, nǹkan ni ó ń lé wa. Ẹ jẹ́ kí a mọ èyí tí àwa ń ṣe.” Gbogbo wa dákẹ́. Ẹ̀yìn èyí ni a fẹnu kò.

Ìpinnu wa nìyí. Ọ̀nà Ọ̀pẹ ni a ó jí dìde. A ó lọ sí ààfin Aláwo àti sọ́dọ̀ àwọn ìdílé tí ó ni ilẹ̀, a ó tọrọ àyè kí ọ̀nà yí ògiri náà po, kí ó má baà di ọ̀rọ̀ ẹjọ́. Àwa ẹgbẹ́ wa yóò san owó ìro ọ̀nà àti ti igi tí a ó gbìn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Eré kò ní bẹ̀rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ kedere. Olùkọ́ yóò wà níwájú, òmíràn yóò wà lẹ́yìn, ọmọ kankan kò sì ní dá sáré. Orí ilẹ̀ gíga ni a ó ti máa yí padà bí ti àtijọ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ̀kalẹ̀ lọ wẹ ẹsẹ̀ tàbí lúwẹ̀ẹ́ nínú adágún, nítorí àtọ̀sí ajá a máa gba inú irú omi bẹ́ẹ̀ wọ ara ènìyàn láìjẹ́ pé ó mọ̀. Kí olúkúlùkù gbé omi mímu rẹ̀ dání, kí ó sì gbé ike rẹ̀ padà wálé. Àwa àgbà yóò sá tiwa pẹ̀lú; ẹni tí kò bá lè sáré yóò rìn, dókítà wa yóò sì wọn ẹ̀jẹ̀ gbogbo ẹni tí ó bá ti lé ní 40 ọdún kí a tó fun fèrè.

Ẹ̀yin àbúrò wa tí ẹ wà ní ilé-ìwé nísinsìnyí, ìdánwò ṣe pàtàkì, a kò sì ní kí ẹ fi ìwé sílẹ̀. Ṣùgbọ́n orí tí ń kàwé, ara ni ó rù ú. Ẹ wá gba ọ̀nà náà lọ́wọ́ wa nígbà tí a ṣì lè fi hàn yín. Ẹ fún un ní orúkọ tuntun bí ó bá wù yín. Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí wọ́n wá, kí ẹ̀yin náà sì bá wọn wá. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ilẹ̀ ní etí omi, a bẹ̀ yín, ẹ fi ìwọ̀n ẹsẹ̀ mẹ́rin sílẹ̀ fún àwọn tí ń kọjá. Kò ní dín oko yín kù, yóò sì jẹ́ kí àwọn ọmọ yín rí omi.

Kí Ọlọ́run tí ó dá odò kí ó tó dá ẹsẹ̀ jẹ́ kí àjọ̀dún yìí tù wá lára. Kí ó fi ìsinmi fún àwọn ẹgbẹ́ wa tí wọ́n ti sáré tiwọn parí. Kí ó sì fún àwa tí ó kù ní èémí tí yóò gbé wa dé ilé.